Àyè Òfìfo Kíláàsì Kẹwàá

Pictou, Nova Scotia, Kánádà
14 Oṣù Kẹwàá, 1996

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá àti àwọn ìbejì. Mo mọ̀ pé ẹ ti parí dída tòmátò sínú ìgò báyìí, ẹ̀yìn á sì máa dùn yín. Ẹ pẹ̀lẹ́. Àǹtí Rowena ní kí n kí yín. Egungun ìbàdí rẹ̀ tó kán, tó gbé mi wá síbí, ti ń jinná, ó ti ń fi igi rìn láti yàrá dé ilé ìdáná. Ẹnu rẹ̀ ni kò fara pa rárá. Láàárọ̀ yìí ó ní ọbẹ̀ ẹja tí mo sè dà bí omi tí wọ́n fi fọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí bébà rèé. Mo ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn nọ́ọ̀sì tí mo sọ fún yín. Àǹtí ní tí wọ́n bá gbà mí, kí n máa gbé ọ̀dọ̀ òun títí n ó fi parí. Obìnrin tó ń rí sí àwọn tó fẹ́ wọlé ń jẹ́ Ìyáàfin Gillis. Òkè gíláàsì rẹ̀ ló ti ń wo èèyàn.

Ó ní, "Ilé ìwé wo lo ti jáde?"

Mo ní, "Ilé wa ni, mà."

"Mo gbọ́ pé o ń gbé nílé yín. Ilé ìwé ńkọ́?"

"Ilé wa náà ni, mà. Màmá mi ló kọ́ mi."

Ọmọbìnrin kan tó ń dúró de tirẹ̀ lẹ́yìn mi fọwọ́ bo ẹnu. Ojú tì mí, Màmá. Nígbà tí mo dé ìta, ojú tún tì mí pé ojú tì mí.

Ìyáàfin Gillis kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbọ́ nípa irú wa, òun kàn ò tíì rí ọ̀kan lójúkojú rí. Ó ní kí ẹ kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní tiransikíríìpù wá, ìyẹn ìwé máàkì tó ní gbogbo ohun tí mo kọ́ láti kíláàsì kẹsàn-án dé ìkejìlá, ọdún tí mo kọ́ ọ, àti máàkì tí mo gbà, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n lè fi mọ́ àwọn ìwé yòókù. Wọn ò ní gba tẹnikẹ́ni mọ́ tí oṣù kìn-ín-ní bá ti parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà torí pé lórí fóònù, Bàbá nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin a kàn bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo ti jẹun.

Ọmọ yín,
Corrie

Sneedville, Tennessee
3 Oṣù Kọkànlá, 1996

Corrie, ọmọ mi,

Inú ilé yìí dùn nígbà tí lẹ́tà rẹ dé. Àwọn ìbejì jà lórí sítáǹbù rẹ títí Joel fi fà á ya. Bàbá rẹ ṣì ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé rẹ̀ kiri orí òkè, àwọn ọmọ inú rẹ̀ ò sì yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síléèwé, ó fi tirẹ̀ sílé. Ṣé aṣọ òtútù tí o kó lọ tó? Rowena kì í mọ̀gbà tí òtútù ń mú ẹlòmíràn, kí o sọ fún un.

Ìwé máàkì náà wà nínú àpò ìwé yìí. Má rò pé ó rọrùn. Mo kó gbogbo nǹkan kúrò lórí tábìlì ìjẹun, mo sì jókòó tì í bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Èmi tí mo ń kọ́ ọ láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, mo wá rí i pé n kò fún ọ ní máàkì rí. Tí o bá ṣi ìṣirò ṣe, a ó pa á rẹ́, a ó tún un ṣe títí yóò fi gún. Máàkì wo ni wọ́n ń fún ìyẹn?

Ìyáàfin Hurd wá gbé ẹyin fún mi, ó bá mi níbẹ̀. Ó ní, "Nadine, kọ A sí gbogbo rẹ̀ jàre. Ta ni yóò wá bi ọ́?" Ó fún Dalton, ọmọ tí òun náà ń kọ́ nílé, ní A nínú èdè Látìnì, Dalton tí kò lè kí èèyàn káàárọ̀ dáadáa ní Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí a la ọkàn màlúù sórí tábìlì yìí kan náà, tí Asa, ìkejì Joel, sá lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ìwọ ń fi ìka rẹ tọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. A ni mo fún ọ nínú ẹ̀kọ́ ohun alààyè, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gẹ̀ẹ́sì, A. Ìṣirò kíláàsì kẹsàn-án, B, nítorí o máa ń kánjú. Ìtàn kíláàsì kẹwàá, C, nítorí o ò ka ju ìlàjì ìwé náà lọ. Jiọ́mẹ́tìrì kíláàsì kẹwàá, mo kọ orúkọ rẹ̀, mo sì fi àyè máàkì sílẹ̀ lófìfo. A kò kọ́ ọ. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Mò ń gbàdúrà fún ọ. Jẹun dáadáa.

Ìyá rẹ,
Nadine Tackett

Pictou
25 Oṣù Kọkànlá, 1996

Màmá,

Ẹ kú ilé. Mo rí ìwé náà gbà, ẹ ṣeun. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ èyí tí kò ní dà bí àfojúdi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó dà bó ṣe fẹ́ dà.

Ìyáàfin Gillis ti sọ pé ẹni tí kò bá ní jiọ́mẹ́tìrì kò lè wọlé. Kì í ṣe pé wọ́n á bi mí, wọn ò ní wo ìwé mi lẹ́ẹ̀kejì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òmíràn, ẹ kọ nǹkan síbẹ̀. Mi ò ní kí ẹ kọ A. C náà tó mi.

Ẹ ní mi ò ka ju ìlàjì ìwé ìtàn. Òótọ́ ni. Ta ló ń gbọ́únjẹ nígbà yẹn? Ọjọ́ tí a sin ọmọ-ọwọ́, yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ẹ jáde wá bá wa jókòó jẹun, àgbàdo ti ga jù mí lọ. Èmi ni mò ń fọ aṣọ àwọn ìbejì. Èmi ni mo kọ́ Joel ní ìwé kíkà. Èmi ni mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ̀ ń sùn, tí mò ń gba abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo gbé ìwé jiọ́mẹ́tìrì wá síbi ilẹ̀kùn yín lẹ́ẹ̀kan. Mo kan ilẹ̀kùn. Ẹ ní, "Ó di ọ̀la, Corrie." Mi ò kàn án mọ́.

Mi ò bínú sí yín nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé ọkàn yín ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àyè òfìfo yẹn, Màmá, tèmi kọ́. C yẹn náà, ẹ̀yin lẹ gbà á.

Corrie

Sneedville
20 Oṣù Kejìlá, 1996

Corrie,

Bàbá rẹ ni. O mọ̀ pé èmi kì í kọ̀wé. Ọwọ́ mi mọ ìtọ́kọ̀ ju kálámù lọ. Mo kí ọ kú ọdún Kérésìmesì tó ń bọ̀. Kí Rowena, sọ fún un pé kó yé gun àga láti tú aṣọ fèrèsé, ìyẹn ló gbé e ṣubú lákọ̀ọ́kọ́.

Má wo ojú ọ̀nà fún lẹ́tà ìyá rẹ. Ó ka tìrẹ lórí ìdúró, ó fi sínú àpò ápúrọ́ọ̀nù, ó sì lọ fọ àwọn abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó lé ní ìlà kan. Àwọn ìbejì rò pé àwọn ló ṣẹ̀ ẹ́, wọ́n ti wá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn láìjẹ́ pé ẹnì kan rán wọn.

Mo jí lẹ́tà náà kà. Ohun tí o sọ, òótọ́ ni. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé èmi náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo máa ń wa bọ́ọ̀sì dé, n ó rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìnkì, tí ọṣẹ ti dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ, n ó sì bi ọ́ pé kí la fẹ́ jẹ. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo ní fún ọ nìyẹn. Ojú ń tì mí láti kọ èyí ju bí ojú á ṣe tì mí tí mo bá sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mi ò ní sọ ọ́ láé.

Má bá ìyá rẹ jà mọ́. Kó o sì má tọrọ gáfárà. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Vernon, bàbá rẹ

Pictou
8 Oṣù Kìn-ín-ní, 1997

Bàbá àti Màmá,

Ẹ kú ọdún, a ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Yìnyín ti bo fèrèsé ilé ìdáná. Àǹtí ti sọ igi rẹ̀ nù, ògiri ló ń dì mú báyìí.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ yín, Màmá. Ọjọ́ ń lọ. Mo ti kó gbogbo ìwé mi fún Ìyáàfin Gillis lánàá, ìwé máàkì náà wà nínú rẹ̀. Ó ti tán, ẹ ò ní láti kọ òmíràn mọ́.

Ẹ dákun, ẹ kọ̀wé. Kódà kí ẹ kàn bi mí bóyá mo ti jẹun.

Corrie

Sneedville
2 Oṣù Kejì, 1997

Corrie,

Lẹ́tà kan dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ lỌ́jọ́bọ̀. Mo rò pé ìwọ ni. Ibi àpótí lẹ́tà lẹ́bàá títì ni mo ti já a, láì bọ́ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀dà ìwé máàkì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní tí òbí bá kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé, ìlànà àwọn ni pé kí àwọn bi í bóyá òun ló kọ ọ́ bó ṣe wà yẹn, kó fọwọ́ sí i, kó dá a padà.

Mo kà á wálẹ̀ títí mo fi dé jiọ́mẹ́tìrì. A ló wà níbẹ̀. A tèmi gan-an, pẹ̀lú ìrù kékeré tí mo máa ń fi sí i. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mo kọ ọ́ tí mo gbàgbé. Ìgbà tó yá ni mo rántí ẹni tí mo kọ́ ní ìkọ̀wé.

Mi ò pariwo. Mo lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì bàbá rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tí àwọn ìbejì ò ti ní rí mi. Mo gbìyànjú láti bínú sí ọ, kò wá. Ìbínú náà ń dé ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn, á sì dúró síbẹ̀, bí ìwọ náà ṣe dúró. O ní C yẹn, èmi ni mo gbà á. Ohun tí n kò lè dáhùn láti Oṣù Kọkànlá nìyẹn. Mo mú bébà lọ́pọ̀ ìgbà, mo kọ orúkọ rẹ, mi ò mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀lé e.

Nítorí náà mo fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé èmi ni mo kọ ìwé yìí, bó ṣe wà náà ló rí. Mo fi lé ẹni tó ń pín lẹ́tà lọ́wọ́ fúnra mi kí n má baà yí ọkàn padà. Bàbá rẹ ò mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yìí wọ́n ní kí n wá gbàdúrà níwájú ìjọ. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó wọ aṣọ ẹlòmíràn wá.

Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Máa wọlé, kí o kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Jẹ́ kó jẹ́ èmi ni n ó máa gbé irọ́ náà kiri.

Ìyá rẹ

Pictou
5 Oṣù Kejì, 1997

Màmá mi,

Mi ò tíì rí lẹ́tà yín kankan gbà, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ èyí lónìí.

Mo kọ A sí àyè òfìfo yẹn. Mo ṣe ọwọ́ yín. Ẹ dárí jì mí.

Àǹtí Rowena ló tú mi fó láìmọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá mu tíì, ó sì ń fi mí yangàn: "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rèé, A ló gbà nínú jiọ́mẹ́tìrì, kò sì rí inú kíláàsì rí!" Ni ọ̀kan nínú wọn bá ní kí n dákun wá ran ọmọ òun lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo lọ. Ọmọbìnrin náà kò tó mi lọ́jọ́ orí. Ó ṣí ìwé rẹ̀ síwájú mi, ó ń retí. Màmá, kì í ṣe ìdáhùn ni mi ò mọ̀. Ìbéèrè náà gan-an ni kò yé mi. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ìyá rẹ̀ fún mi ní oògùn, ó tún di àkàrà òyìnbó fún mi lọ sílé. Mi ò lè jẹ ẹ́.

Lánàá mo lọ bá Ìyáàfin Gillis. Ó ní kí n jókòó.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n dúró, mà. Tí mo bá jókòó, mi ò ní lè sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nu ún ṣáá. Ó ní, "Ṣé ìyá rẹ mọ̀?"

"Rárá, mà."

"A ti kọ̀wé sí i. A ò tíì gbọ́ èsì."

Mo ní, "Òótọ́ ni yóò sọ fún yín, mà. Ìyá mi kì í purọ́."

Ó ní kí n máa lọ, òun á ránṣẹ́ sí mi. Nítorí náà, tí lẹ́tà wọn bá ti dé, ẹ sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí, ẹ má ṣojo nítorí mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ṣojo náà.

Corrie

Pictou
21 Oṣù Kejì, 1997

Màmá,

Lẹ́tà yín àti ìpè Ìyáàfin Gillis bọ́ sọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan náà. Mo ka lẹ́tà yín nínú ọkọ̀ nígbà tí mò ń lọ, torí náà mo ti mọ ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀ kí n tó wọlé. Ó ṣe mí bíi kí n sọ̀ kalẹ̀.

Ó fi ìwé tí ẹ fọwọ́ sí síwájú mi. Ó ní, "Ìwọ ní ìwọ lo kọ ọ́. Ìyá rẹ ní òun ló kọ ọ́. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ìyá rẹ ń purọ́?"

Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé dáwọ́ títẹ̀ dúró. Mo gbìyànjú láti wá ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Kò sí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Gbogbo ayé mi, Màmá, mi ò rò pé mo lè pe yín ní orúkọ yẹn lójú àjèjì. Kí ló dé tí ẹ ṣe é? Tí ẹ bá fẹ́ fún mi ní A, ẹ ò bá ti fún mi nígbà tí mo bẹ̀ yín. Mo tiẹ̀ ní C tó mi! Mo ti sọ fún obìnrin yẹn pé ìyá mi kì í purọ́. Mo fi yín yangàn fún un ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa fi yín yangàn níhìn-ín láìjẹ́ pé ojú ń tì mí.

Wọ́n ti gbé ìwé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní tí mo bá fẹ́ kí wọ́n tún un wò, kí n jókòó ṣe ìdánwò jiọ́mẹ́tìrì pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé ibí lóṣù kẹfà, kí n sì mú ìwé máàkì tuntun wá tí kò sí ọwọ́ mi nínú rẹ̀. Kò ṣèlérí nǹkan kan.

Àǹtí Rowena ti gbọ́. Kò bú mi. Ó kàn ń wò mí láìsọ̀rọ̀, mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wù mí kó bú mi.

Corrie

Sneedville
16 Oṣù Kẹta, 1997

Corrie ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ méjèèjì. Èyí tó kọ́kọ́ dé, nígbà tí mo kà á dé ibi tí o ti ní ìyá rẹ kì í purọ́, mo pa á dé, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé tèmi ti dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sí bí mo ṣe lè dá a padà.

O bi mí pé kí ló dé. N ó gbìyànjú. Ní Oṣù Kọkànlá, mo rò pé òótọ́ ni mò ń sọ. Mo fi òótọ́ náà ṣe ibi tí mo sá pamọ́ sí. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti kọ pé ìwọ kò ka ìwé ju kí n kọ pé èmi kò dìde. Nígbà tí o wá sọ ọ́ fún mi, mo wá ohun tí mo lè fi ṣe ètùtù, irọ́ ló wà nítòsí. Ìwọ ló wá jìyà rẹ̀. Wọ́n mú kí o dúró síwájú àjèjì pe ìyá rẹ lónírọ́, òótọ́ ni o sì sọ. Èmi ni mo gbé ọ dé ibẹ̀. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Mo sọ fún bàbá rẹ. Ó ní, "Nadine, àwa méjèèjì la fi ọmọ yẹn sílẹ̀," ó sì jáde lọ gbá inú bọ́ọ̀sì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Àwa ìyá tó ń kọ́ ọmọ nílé ṣe ìpàdé wa ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyáàfin Hurd sì ti kéde pé èmi ni n ó wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé máàkì, nítorí pé ọmọ tèmi ti fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nílẹ̀ òkèèrè. Mo fẹ́ sọ pé ara mi ò yá. Mo lọ. Wọ́n ti to àga, wọ́n ti mú kálámù dání. Mo dúró, mo ní, "Mi ò lè kọ́ yín. Ọmọ mi yí ìwé máàkì rẹ̀ padà, mo rí i, mo sì fọwọ́ sí i."

Ìyáàfin Hurd ní, "Nadine! Kò yẹ kí o sọ irú ìyẹn níbí. Tí àwọn ìjọba bá gbọ́ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá kó ọmọ gbogbo wa sínú bọ́ọ̀sì ọkọ rẹ ni?"

Mo ní, "Mi ò tíì sọ ìdí rẹ̀ tán." Mo sọ ti ọmọ tí a sin, mo sọ ti yàrá, mo sọ pé ọmọ mi ni mo sọ di ìyá nínú ilé. Ojú tì mí débi pé mi ò rí iwájú mi. Nígbà tí mo parí, wọ́n kọrin ìparí kíákíá, wọ́n túká. Ìyáàfin Hurd ò gbé ẹyin wá mọ́. Ẹni méjì ti ń gba apá kejì títì tí wọ́n bá rí mi níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ wọ mọ́tò lọ́jọ́ náà, ìyá kékeré kan, ìyàwó Colby Rhea, kan gíláàsì mọ́tò mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ò tíì ṣí ìwé fún àwọn ọmọ mi láti Kérésìmesì. Mi ò lè dìde. Ta ni mo lè sọ fún?" Mo ti ń lọ sílé rẹ̀. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ náà, òun ń sùn.

Mo ti kọ ìwé máàkì tuntun, mo ti fi ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Gillis fúnra rẹ̀. Lábẹ́ kíláàsì kẹwàá mo kọ pé: "Ní ọdún yìí, ìbànújẹ́ sọ ìyá di aláìsàn, kò kọ́ ọmọ. Ọmọ tọ́jú ilé, ó tọ́jú àbúrò méjì, ó sì kọ́ ọ̀kan nínú wọn ní ìwé kíkà. Ohun tí kò kọ́ lọ́dún náà kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀." Mo kọ lẹ́tà mọ́ ọn, mo sọ fún un pé mo purọ́ fún un lákọ̀ọ́kọ́.

Nísinsìnyí lọ kọ́ jiọ́mẹ́tìrì. Mo fẹ́ sọ pé n ó máa fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ọ, ṣùgbọ́n mo ṣí ìwé náà wò, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Má tijú láti bi í.

Ìyá rẹ

Pictou
27 Oṣù Kẹfà, 1997

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìfaradà ooru, mo mọ bí ilé wa ṣe máa ń rí lásìkò yìí. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ. Mi ò fẹ́ kọ̀wé títí n ó fi ní ohun tí mo lè sọ.

Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo padà lọ bá ọmọbìnrin tí mo purọ́ orí fífọ́ fún. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ní, "Mi ò mọ jiọ́mẹ́tìrì. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ṣé o lè kọ́ mi?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ni pé o ti gba àkàrà wa lásán?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Mò ń lọ bá a lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó ń pariwo lé mi lórí bí ẹni tó ti ń wá ẹni tí yóò pariwo lé lórí tipẹ́. Àǹtí ní òun gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé wa.

Mo ṣe ìdánwò náà nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí mi. Èsì dé lánàá. Méjìdínlọ́gọ́ta ni mo gbà. Ẹni tó bá gba àádọ́ta ti yege. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi yangàn, ọmọbìnrin tó kọ́ mi sì ti sọ fún mi pé mo dójú ti òun.

Mo gbé e lọ fún Ìyáàfin Gillis. Ó fi í sínú fáìlì mi. Mo rí lẹ́tà yín níbẹ̀, ó ti gbó níbi tí wọ́n ti ká a. Ó ní, "Ìyá rẹ kò mọ irọ́ pa. Nígbà tó ń purọ́, ìlà kan péré ló kọ. Nígbà tó ń sọ òótọ́, ojú ìwé ò tó o." Lẹ́yìn náà ó ní wọ́n ti gbà mí, ṣùgbọ́n wọn yóò máa ṣọ́ mi lọ́dún àkọ́kọ́; tí mo bá tún fọwọ́ kan ìwé kankan báyìí, kí n má wulẹ̀ padà wá. Mo ní mo gbọ́, mà.

Màmá, mo ti wọlé. Mi ò pariwo. Mo rìn títí mo fi dé etí òkun, mo sì jókòó. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé orí sókè dáadáa. Bóyá bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Wọ́n ní àwọn òbí máa ń wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nínú oṣù kẹsàn-án. Ìyáàfin Gillis ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Mo sọ fún yín lásán ni, ẹ ò ní láti dá mi lóhùn.

Ọmọ yín,
Corrie

Sneedville
9 Oṣù Keje, 1997

Corrie mi,

A kí ọ kú oríire. Mo ka lẹ́tà rẹ sókè nídìí tábìlì. Bàbá rẹ ní, "Mélòó ló gbà?" Mo ní méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ní, "Ta ló fún un?" Mo ní àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni. Ó fọwọ́ bo ojú rẹ̀, ó ní kí àwọn ìbejì jáde lọ ṣeré. Wọn ò lọ.

Mo ti bi wọ́n ní ibùdókọ̀ ní Knoxville. Mo máa wọ bọ́ọ̀sì mẹ́rin, n ó sì sùn mọ́jú nínú méjì lára wọn. Bàbá rẹ yóò dúró ti àwọn ọmọ. Ìyàwó Colby Rhea ti ń dìde láàárọ̀ báyìí, ó ní òun á máa wá kọ́ wọn títí n ó fi dé.

Mo ti ń ro ohun tí n ó sọ fún obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, níwájú àwọn òbí tí ọmọ wọn jáde ilé ìwé gidi. Mi ò tíì rí i. Mo mọ̀ pé bí o bá ti ń sọ pé, "Màmá mi rèé, mà," ni yóò mọ ẹni tí mo jẹ́. Ojú yóò tì mí, Corrie, gan-an ni.

N ó wá bẹ́ẹ̀ náà. Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìyá rẹ,
Nadine